Lẹ́tà ṣíṣí sí VC wa lórí Accounting àti Information Systems: eku kan ṣoṣo là ń lé sà

Ẹ̀yin Ọ̀gá Àgbà yunifásítì wa, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́ ẹ jókòó ní Senate,

Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú ìtọ́jú wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mi ò ní kọ orúkọ iléèwé wa síbí, ẹni tó bá mọ̀ ti mọ̀, ẹni tí ò mọ̀ kó ṣáà bá wa kà á. Kì í ṣe pé ó wù mí kí n tú àṣírí ilé wa síta o. Lẹ́tà mẹ́ta la ti kọ sí ọ́fíìsì yín lórí bẹ́ ẹ ṣe ní ká fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ méjì tá à ń kọ́, àkọ́kọ́ ọwọ́ Dean ló kú sí, ìkejì wọ́n ní ká lọ gba stamp HOD wá, HOD méjèèjì wá ń ti wa síra wọn, Accounting ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn, Computing tí Information Systems wà lábẹ́ ẹ̀ ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn, ìkẹta mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó wọlé sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sí gbangba.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá ni ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ fún wíkẹ́ẹ̀ǹdì, pé àwa tá a wà nínú ètò double degree Accounting àti Information Systems, kí oníkálukú mú ọ̀kan nínú méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pé iléèwé ti fòpin sí ètò náà. Ìlà mẹ́sàn-án péré ni ìwé náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. A ti wà ní 400 level.

Fún àwọn tó ń bá wa kà á tí wọn ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ double degree, kì í ṣe pé ọmọ kan ń lọ sí yunifásítì méjì lẹ́ẹ̀kan náà o, ìyẹn ni JAMB ò gbà. Iléèwé kan náà ni, ọmọ kan náà ni, ẹ̀kọ́ méjì tó wọnú ara wọn ló ń kọ́, kọ́ọ̀sì tó bá wà nínú méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ṣe é, wọ́n á kà á síbí, wọ́n á kà á sọ́hùn-ún, àyè tí àwọn ẹlòmíì fi ń mú elective tó bá wù wọ́n, òun á fi kọ́ọ̀sì ẹ̀ka kejì dí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Australia nìyẹn. Commerce tí Accounting wà nínú ẹ̀, ọdún mẹ́ta ni, Information Technology náà ọdún mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe méjèèjì pọ̀ ní Monash ní Melbourne, ọdún mẹ́rin ló máa lò, kì í ṣe mẹ́fà. Nílé níbí, Ifẹ̀ ti ń ṣe Computer Science with Economics, ọjọ́ ti pẹ́. Òótọ́ ni pé ìwé ẹ̀rí kan ni tiwọn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ajá àti ológbò ni wọ́n so mọ́ igi kan.

1. Ẹ̀yin lẹ pè wá sà, a ò dédé ya wọlé.

Nígbà tá a ń bọ̀ ní 2021/2022, ìwé pẹlẹbẹ kan tí iléèwé tẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi mú wálé, ó wà níbẹ̀ gàdàgbà pé ọdún márùn-ún, ìwé ẹ̀rí méjì. Mo ṣì ní i lọ́wọ́, mo ti ya fọ́tò ẹ̀ tọ́jú sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ (ọmọ Information Systems ni mí, a kì í fi nǹkan sí ojú kan). Màámi ń ta próvísọ̀n, ó ti sọ fún gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ lọ́jà pé nǹkan méjì lọmọ òun ń kà, Ìyá Oníwèé Méjì ni wọ́n ń pè é títí dòní. Mi ò tíì lè ṣàlàyé ìwé ìkéde yín fún un. Mo kàn sọ pé ìpàdé kan ń lọ lọ́wọ́.

Láti 100 level, departmental due lọ́nà méjì la ń san. Faculty due lọ́nà méjì. A ra polo Accounting, a ra polo Computing, a dáwó dinner níbí, a dáwó dinner lọ́hùn-ún, kò sígbà kan tí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ìgbà tó di owó, a pé méjì. Ìgbà tó wá ku ọdún kan àtààbọ̀ ká gba ìwé ẹ̀rí, ẹ ní ká di ẹyọ kan.

2. Ọ̀rọ̀ NUC tẹ́ ẹ fi dẹ́rù ba àwọn òbí wa.

Ìwé yín sọ pé "ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tuntun NUC". Gbólóhùn yìí ló pa gbogbo èèyàn lẹ́nu mọ́, torí ní Nàìjíríà tí wọ́n bá ti dárúkọ NUC, kò sí òbí tó tún máa béèrè ọ̀rọ̀. Èmi béèrè. Ìlànà tuntun yẹn ni CCMAS, oṣù Kejìlá 2022 ni wọ́n ṣí i, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án 2023. Àwa ti wọlé kí wọ́n tó ṣí i rárá. Ẹni tó ti jẹun dé ìdajì abọ́, wọn kì í wá bá a níbi tó jókòó sí kí wọ́n ní irú oúnjẹ yẹn ò sí mọ́, gbé abọ́ wá.

Mo sì lọ ṣí CCMAS náà wò, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìwé awo. Accounting wà ní apá Administration and Management. Information Systems wà ní apá Computing, ó tò sílẹ̀ pẹ̀lú Computer Science, Software Engineering, Cybersecurity, Data Science àti àwọn tó kù. NUC mọ tọ̀tún, ó mọ tòsì. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé NUC fúnra ẹ̀ sọ pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lòun máa là sílẹ̀, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe dí ìdá 30 tó kù. Ìdá 30 sà! Ọwọ́ Àbújá kọ́ nìyẹn wà, ọwọ́ yín ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ Accounting gbé database (bí ẹ̀rọ ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀) àti systems analysis lọ́wọ́, àyè wà níbẹ̀ tó máa gbà á.

Àfi tó bá jẹ́ pé iléèwé ò gba àṣẹ ètò yìí lọ́wọ́ NUC látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ ọ́. Ìyẹn burú ju èyí lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ṣeé jókòó tì, èèyàn á mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. "Ní ìbámu" ò ṣeé jókòó tì.

3. "Mú ọ̀kan" yìí, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí.

Ó dùn létí bí ẹni pé wọ́n gbé oúnjẹ méjì síwájú wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ju ìdajì wa lọ tó jẹ́ kíláàsì kọ́máṣà la ti wá, English, Maths, Economics àti Commerce tàbí Government la fi ṣe JAMB, bí wọ́n ṣe ń béèrè fún Accounting, ẹ̀yin náà lẹ wò ó tẹ́ ẹ ní ó dáa tẹ́ ẹ gbà wá. Báyìí, nísàlẹ̀ ìwé ìkéde yẹn, ní ìlà keje, ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ mú Information Systems gbọ́dọ̀ ní credit nínú Physics ní WAEC tàbí NECO. Physics! Ọmọ kọ́máṣà wo ló ń jókòó ṣe Physics? Láti SS1 ni tíṣà kan ti wo máàkì wa, ó nàka sí tibí pé sáyẹ́ǹsì, ó nàka sí tọ̀hún pé kọ́máṣà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá ni wá nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè.

Lẹ́yìn tá a ti ṣe programming, a ti ṣe data structures, a ti ṣe database, ẹ wá ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a mọ bí iná ṣe ń gba inú gíláàsì kọjá. Ẹnì kan wà nínú wa tí mi ò ní dárúkọ, òun ló gbé ipò kìíní nínú systems analysis lọ́dún tó kọjá, ó ju gbogbo àwọn ọmọ Computing gan-an lọ, àwọn náà pàtẹ́wọ́ fún un. Kò ní Physics. Lórí bébà yín, ẹni yẹn ò kúnjú ìwọ̀n láti wọ kíláàsì tó ti gbégbá orókè.

Nítorí náà Accounting ló kù fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ní àwọn kọ́ọ̀sì Computing tá a ti ṣe máa kúrò nínú CGPA. Mo jókòó, mo ṣí Excel, mo ṣírò tèmi. Mo wà lórí 4.52 lónìí, tí wọ́n bá yọ Computing kúrò, ó di 4.31. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé 4.50 ni First Class ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìkéde yẹn ti gba First Class lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo fìdí rẹmi nínú nǹkan kan. Ẹnì kejì tó ní Physics tó sì fẹ́ mú Information Systems, tiẹ̀ náà ò gbádùn, torí ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáúntáǹtì Nàìjíríà, tó máa ń fo Foundation, ìpele àkọ́kọ́ ìdánwò wọn, fún ẹni tó jáde Accounting ní iléèwé tí wọ́n fọwọ́ sí, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nàkọnà tá a bá gbà, a fi nǹkan sílẹ̀ nílẹ̀.

4. Òwe eku méjì.

Nígbà tá a lọ rí ọ̀kan nínú àwọn HOD, bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní "ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo". A kí wọn, a jáde, òwe àgbà ni, a ò lè fèsì níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fèsì níbí pẹ̀lú ìtìjú: eku kan ṣoṣo là ń lé sà. Ihò méjì ló ní. Tẹ́ ẹ bá dúró ti ọ̀kan, á gba èkejì jáde, ẹ̀ẹ́ dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà ayé àwọn bàbá wa, tí wọ́n bá fẹ́ yin ẹni tí orí ẹ̀ pé, wọ́n á ní orí ẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó ń gba àjọ kiri láì mú ìwé láì mú bírò, tó di òpin oṣù tó dá owó oníkálukú padà tí ò ṣì kọ́bọ̀ kan fún ẹnì kan. Orí tó fi ń ṣe akáúntì náà ló fi ń ṣe database. Kò sẹ́ni tó pín in sí department méjì. Owó tòde òní ni ò ṣeé gbé sórí mọ́. Owó ìjọba àpapọ̀ ti wọnú TSA, àpò kan ṣoṣo tí wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ sí, láti 2015. 2021 ni ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí lórí TaxPro Max, ìkànnì àjọ owó orí. Òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2026, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń fi invoice ránṣẹ́ látinú ẹ̀rọ tiwọn lọ sínú ẹ̀rọ àjọ owó orí tààrà, bébà ò sí láàárín. Akáúntáǹtì tí ò mọ bí ẹ̀rọ kan ṣe ń bá ẹ̀rọ kejì sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Ọmọ kọ̀ǹpútà tí ò mọ debit yàtọ̀ sí credit ńkọ́, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé nǹkan tí òun kọ́ ti ń jẹ owó olówó?

Mo lè sọ tilé wa. Màámi ní POS ní ṣọ́ọ̀bù, ó tún ní nọ́ọ̀tù tó ń kọ ọjà tó tà sí. Lọ́jọ́ kan owó ò bára mu, 18,500 náírà dín, ó sì ti gbà pé ọmọ tó ń bá a tajà ló jí i, ó ti ní kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ń sunkún, kò lè ṣàlàyé, torí òun náà ò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo gba nọ́ọ̀tù, mo gba àkọsílẹ̀ POS, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Accounting ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ bára mu àyàfi ìlà kan. Ibi tí Accounting parí sí nìyẹn o, ó kàn lè sọ fún ẹ pé owó dín. Computing ló wá jẹ́ kí n béèrè pé ìlà yẹn gan-an, nígbà wo ló wọlé, ibo ló gbà wá? Kọ́sítọ́mà san owó, netiwọ́ọ̀kì já, báńkì dá owó padà fún kọ́sítọ́mà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti tẹ rìsíìtì jáde, ọmọ náà rí rìsíìtì, ó gbé ọjà fún oníbàárà. Kò jí nǹkan kan. Ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, òun ló ń bá Màámi gbé omi.

Ẹ wá fẹ ìtàn yẹn kó tóbi, ẹ̀ẹ́ rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Britain. Láti 1999 ni Post Office wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Horizon, Fujitsu ló ń bójú tó o. Àwọn tó ń ṣe Post Office àdúgbò, ọ̀pọ̀ wọn onísọ́ọ̀bù bíi Màámi ni, lálẹ́ wọ́n á ka owó, Horizon á ní ó dín. Wọ́n á tún un kà, á ní ó dín. Àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ sọ pé tówó bá dín, àpò ara wọn ni wọ́n á ti san án. Àwọn kan fi owó ìpamọ́ wọn dí i, àwọn kan pàdánù ilé, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, oyún wà nínú ìyá kan nígbà tí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n, àwọn kan pa ara wọn. Láàárín 1999 sí 2015, èèyàn tó ju 900 lọ ni wọ́n dá lẹ́bi. Títí èèyàn 555 fi kóra jọ tẹ̀ lé Alan Bates, ọ̀kan nínú wọn, lọ sílé ẹjọ́, oṣù Kejìlá 2019 ni adájọ́ tó sọ ọ́ kedere pé àṣìṣe ń bẹ nínú Horizon yẹn. Ó sì hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè jókòó sọ́dọ̀ tiwọn kí wọ́n wọnú akáúntì ẹ̀ka kan kí wọ́n yí nǹkan padà, ohun tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé kò ṣeé ṣe. 2024 ni ìjọba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin láti fagi lé àwọn ìdájọ́ náà lápapọ̀.

Mi ò lè kà á tán láìrántí ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn tó mọ owó rí i pé owó dín, wọ́n ní olè ni. Àwọn tó mọ ẹ̀rọ ní ẹ̀rọ ò kí ń purọ́. Àárín méjèèjì ṣófo. Àárín yẹn lẹ̀yin fi wá sí láti 2021, òun náà lẹ ń kó wa kúrò báyìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa gan-an, ẹ ò tíì lè gbàgbé IPPIS, ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù. Mo ṣì wà ní 200 level tí àwọn olùkọ́ ń sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì bí owó oṣù ṣe ń dé ní gígé tí wọn ò mọ ẹni tó gé e, wọ́n lọ sí bursary, wọ́n ní Àbújá ni, wọ́n lọ sí ICT, wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó ni. ASUU torí ẹ̀ kọ́ UTAS, ẹ̀rọ owó oṣù tiwọn. Oṣù Kejìlá 2023 ni ìjọba tó ní kí yunifásítì kúrò lórí IPPIS. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ mẹ́wàá tó mọ payroll tó sì lè ka bí ẹ̀rọ ṣe ṣe ìṣirò ẹ̀ nígbà náà, ṣé ẹ ò ní fún wọn níṣẹ́?

Àwọn Amẹ́ríkà ti gbà. Láti oṣù Kìíní 2024, ẹni tó bá fẹ́ di CPA, akáúntáǹtì tó gbàwé àṣẹ níbẹ̀, á ṣe ìdánwò mẹ́ta tó jẹ́ dandan, á wá mú ìkẹrin nínú ohun mẹ́ta, Information Systems and Controls wà lára mẹ́ta yẹn. ISACA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ wò, ti ní ìwé ẹ̀rí CISA fún wọn láti 1978, màámi ò tíì lọ sílé ọkọ nígbà náà. Ẹ má wò ó bí nǹkan tí àwa ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lórí fóònù.

5. Àbùkù wà nínú ètò náà, a ò sẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a wá yin ara wa ni. Timetable ò bára dé rí. Ní 300 level, Auditing àti Database bọ́ sí aago mẹ́sàn-án ọjọ́ kan náà, wọ́n kó wa sínú ọ́fíìsì kan lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n gba fóònù wa, wọ́n tì wá mọ́bẹ̀ títí di aago méjì ká má bàa rí àwọn tó ti ṣe èkejì. Búrẹ́dì kan la pín jẹ. Àwọn kan nínú wa ò lè gbé unit 24 lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti padà sí ẹyọ kan fúnra wọn, kò sẹ́ni tó bínú sí wọn. Advisor kankan ò sí fún wa, àwa là ń gba ara wa nímọ̀ràn. Gbogbo ìyẹn ṣeé tún ṣe, ẹnì kan tó jókòó ti timetable méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ kan á yanjú ẹ̀. Kò tó nǹkan tí wọ́n ń torí ẹ̀ wólé.

6. Ọjọ́ orí wa ń lọ.

Ìyanṣẹ́lódì 2022 jẹ oṣù mẹ́jọ nínú ayé wa, a kì í ṣe ẹlẹ́bi níbẹ̀, ẹ̀yin náà kọ́. Tí ẹni tó bá padà sí ẹyọ kan bá tún máa ṣe ọdún kan sí i láti kó àwọn kọ́ọ̀sì tó kù ní ẹ̀ka yẹn, bí àwọn kan ṣe ń sọ lọ́fíìsì Dean, àwọn àgbà inú wa máa kọjá 30, NYSC ò sì ní gbà wọ́n, ìwé exemption ni wọ́n á fún wọn. Graduate trainee àwọn báńkì sì nìyẹn, 26 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe òpin. Ẹ rò ó wò.

Nǹkan tá à ń béèrè ò pọ̀ sà:

Àkọ́kọ́, ẹ fa ìwé ìkéde yẹn ya, tàbí, ó kéré tán, kẹ́ ẹ sún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn síwájú títí Senate á fi gbọ́ tẹnu wa. Ẹnì méjì péré la fẹ́ rán wá, a ò ní pariwo.

Èkejì, ẹ fún wa ní bébà tí NUC ti sọ pé kẹ́ ẹ dá ètò yìí dúró. Tí bébà ò bá sí, ẹ sọ pé kò sí.

Ẹ̀kẹta ló wà lọ́kàn mi jù: tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa ètò náà tì, ẹ pa á tì fún àwọn tí ò tíì wọlé. Ẹ jẹ́ kí àwa tá a ti wà nínú ẹ̀ parí ẹ̀ bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọdún márùn-ún, ìwé ẹ̀rí méjì. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ fún wa ní degree Accounting kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo kọ́ọ̀sì Computing tá a ti ṣe hàn lórí transcript wa, kó wà nínú CGPA wa, torí a ṣe é, orí wa ló fọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ Physics, ẹ jẹ́ kó kúrò. Ẹni tó ti yege database, ẹ má dá a padà sí SS3.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tó bá tọwọ́ ara ẹ̀ mú ẹyọ kan, ẹ dá due ẹ̀ka kejì padà fún un. Mo ti ṣírò iye tó jẹ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti 100 level, ó wà nínú spreadsheet kan pẹ̀lú fọ́tò rìsíìtì lójú ìlà kọ̀ọ̀kan, mo lè fi ránṣẹ́ sí bursary lónìí tí wọ́n bá fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn máa pé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi, àpótí kékeré méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n máàkì ọ̀kan. Mi ò tíì máàkì nǹkan kan.

Èmi ni ọmọ yín,
akẹ́kọ̀ọ́ 400 level, Accounting àti Information Systems